Core i7 àtijọ́ tàbí Core i5 tuntun: Bí ẹ ṣe lè mọ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó yẹ owó yín

Lórí tábìlì kan ní Ọ̀tìgbà, nínú ọjà Computer Village tó wà ní Ìkẹjà, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí iye owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n lẹ "Core i7" mọ́ ara ọ̀kan, wọ́n lẹ "Core i5" mọ́ ara èkejì. Òǹtajà á ní i7 ló dára jù, ṣebí méje ju márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́ ní Circle ní ìlú Accra, ní Kútọnu àti ní Kano. Ọ̀pọ̀ òǹrajà ló sì ń gbà á gbọ́, tí wọ́n á san owó, tí wọ́n á gbé i7 lọ sílé.

Bó bá jẹ́ pé i7 ọdún 2016 ni wọ́n gbé, tí i5 tí wọ́n fi sílẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún 2018, èyí tó lọ́ra jù nínú méjèèjì ni wọ́n fi owó wọn rà.

Àṣìṣe yìí ti wọ́n ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ìjọba Nàìjíríà tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi di ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó kọ̀ǹpútà wọlé, yálà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ ni o, tàbí èyí tó ti òkun bọ̀ lẹ́yìn tí òyìnbó ti lò ó tán, èyí tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kan fi ra kọ̀ǹpútà lónìí lè jẹ́ èyí tí bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n pawọ́ pọ̀ dá. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí ẹ̀rọ tí kò ní wúlò mọ́ láàárín ọdún kan, kò sí ẹni tó máa dá a padà.

Kí ni prósẹ́sọ̀ ń ṣe gan-an?

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, bí ẹ bá ṣí fídíò tàbí tí ẹ ní kí Excel ṣe ìṣirò, òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ méjì tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Santa Clara ní ìpínlẹ̀ California, Intel àti AMD, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn prósẹ́sọ̀ tó wà nínú laptop tí à ń rí ní ọjà.

Nínú prósẹ́sọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní core. Ẹ fi ojú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wò ó. Aránṣọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè parí ẹ̀wù kan kíákíá. Àmọ́ tí wọ́n bá kó aṣọ ẹbí ogójì dé, iye aránṣọ tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa sọ bóyá aṣọ á jáde kí ọjọ́ ìnáwó tó kò. Ohun méjì ló yẹ kí ẹ wádìí nípa prósẹ́sọ̀ kankan, nígbà náà: bí ọwọ́ core kọ̀ọ̀kan ṣe yá tó, àti iye core tó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ ni kí ẹ kà

Intel bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ Core i7 ní ọdún 2008, i5 àti i3 sì tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdọọdún ni ilé iṣẹ́ náà ń gbé ìran tuntun jáde, i3, i5 àti i7 sì máa ń wà nínú ìran kọ̀ọ̀kan. Ipò nínú ìran kan ṣoṣo ni i3, i5 àti i7 ń sọ. Ó dà bí ipò tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà nínú kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tó gba ipò kìíní ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ ìwé ju ọmọ tó gba ipò kẹwàá ní ilé ẹ̀kọ́ girama lọ.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì dáàṣì ló ń sọ ìran. Nínú i5-3320M, 3 tó ṣíwájú fi hàn pé ìran kẹta ni, ti ọdún 2012. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, ti ọdún 2015. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ti ọdún 2017. Nígbà tí Intel dé ìran kẹwàá, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í wò: i5-10210U àti i5-1035G1 jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá, i5-1235U sì jẹ́ ìran kejìlá. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́ta péré, bíi i5-520M, ìran àkọ́kọ́ pàá nìyẹn, kọ̀ǹpútà ọdún 2010. Ní ìparí ọdún 2023, Intel tún yí orúkọ padà, ó yọ lẹ́tà "i" kúrò, ó sì mú Core Ultra wá.

Lẹ́tà tó parí nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. U túmọ̀ sí pé prósẹ́sọ̀ náà kì í jẹ iná púpọ̀, wọ́ọ̀tì 15 ni wọ́n sábà máa ń ṣètò rẹ̀ fún. M tó wà lára àwọn àtijọ́ máa ń jẹ wọ́ọ̀tì 35. QM, MQ, HQ àti H jẹ́ ti àwọn alágbára tó ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 45. Ẹ ṣọ́ra fún Y tó bá wà láàárín nọ́ńbà, bíi i5-7Y54 tàbí i7-7Y75. Orúkọ ńlá ni wọ́n fún un, àmọ́ wọ́ọ̀tì 4.5 ni wọ́n ṣe é fún, bí agbára rẹ̀ sì ṣe kéré tó nìyẹn.

Ọdún tí i5 na i7

Ẹ jẹ́ ká mú prósẹ́sọ̀ méjì tó wà lórí tábìlì tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Core i7-7500U jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Core méjì ló ní, iye tí Intel sì dá lé e fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni dọ́là 393. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, i5-8250U dé. Core mẹ́rin ló ní, dọ́là 297 ni iye rẹ̀. Wọ́ọ̀tì 15 kan náà ni wọ́n ṣètò àwọn méjèèjì fún. Core kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè di iṣẹ́ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iṣẹ́ mẹ́rin ni i7 yẹn lè gbé lọ́wọ́ nígbà tí i5 ń gbé mẹ́jọ.

Kí ọdún 2017 tó dé, core méjì péré ni Intel ń fi sínú irú prósẹ́sọ̀ oníwọ́ọ̀tì kékeré bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ i5, ì báà jẹ́ i7. Ìran dé, ìran lọ, aránṣọ méjì náà ló ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ni AMD, tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti kú tán, gbé Ryzen alábẹ́-tábìlì oní-core mẹ́jọ jáde ní iye tí kò wọ́n. Ó ṣòro fún ẹni tó bá wo àsìkò náà láti gbà pé ìdíje kọ́ ló mú kí Intel ṣí ọwọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Intel fúnra rẹ̀ sọ nígbà náà pé ìran kẹjọ lè fi tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ìran keje lọ. Bí ẹ bá ń kọ ìwé kan ṣoṣo nínú Word, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí core kan sí core kan, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: i7 yẹn lè sáré dé 3.5 gigahertz, i5 lè dé 3.4. Àmọ́ mélòó ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà mọ́? Ìpàdé Zoom ń lọ lọ́wọ́, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣí sílẹ̀, WhatsApp ń dún, ètò tó ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni i7 oní-core méjì ti máa ń dákú.

Kì í ṣe gbogbo i7 àtijọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ní QM, MQ tàbí HQ lẹ́yìn nọ́ńbà wọn ní core mẹ́rin láti ìgbà yẹn wá. i7-4800MQ, ìran kẹrin, ti ọdún 2013, ṣì lè bá i5-8250U du iṣẹ́ ńlá. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé wọ́ọ̀tì 47 lòun ń jẹ kí ó tó ṣe ohun tí èkejì ń fi wọ́ọ̀tì 15 ṣe. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ iná láìpẹ́.

Gigahertz kì í sọ òtítọ́ tán

Àwọn òǹtajà máa ń kọ gigahertz sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kọ 2.6 fún i5-3320M, wọ́n á kọ 1.6 fún i5-8250U. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé èyí tó dàgbà jù ló yára jù.

Iyàra ìsinmi ni nọ́ńbà yẹn, èyí tí prósẹ́sọ̀ náà lè máa lọ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìgbóná jù. Bí iṣẹ́ bá dé, ó máa ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ: i5-3320M á dé 3.3, i5-8250U á dé 3.4. Ìyẹn nìkan ti sọ 2.6 àti 1.6 di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀.

Ohun kejì ṣe kókó ju ìyẹn lọ. Gigahertz ń ka iye ìgbà tí prósẹ́sọ̀ ń mí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ka iye iṣẹ́ tó ń ṣe nínú mímí kọ̀ọ̀kan. Bí aránṣọ méjì bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ní ìwọ̀n kan náà, tí ẹ̀rọ ọ̀kan sì ń fa ìlà kan nígbà tí ti èkejì ń fa ìlà méjì, ta ni yóò kọ́kọ́ parí? Ìran tuntun máa ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí i nínú mímí kan. Pentium 4 ti dé 3.8 gigahertz ní ọdún 2004, síbẹ̀ Core 2 Duo ọdún 2006, tí gigahertz rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Nítorí náà, a lè fi gigahertz wé ara wọn nínú ìran kan náà. Láti ìran kan sí òmíràn, ẹ má wò ó.

Ààlà tí Microsoft fà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún lè máa rí i gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Kọ̀ǹpútà tó bá kọjá ìgbà náà lórí Windows 10 á ṣì máa tàn, ó kàn jẹ́ pé ihò èyíkéyìí tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ kò ní dí mọ́. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà sanwó ní báńkì gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa. Àwọn ètò mìíràn náà kì í pẹ́ kọ́wọ́ lé e: nígbà tí Windows 7 kásẹ̀ nílẹ̀, Google Chrome dá a dá àtúnṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023.

Windows 11, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, kò gba prósẹ́sọ̀ Intel tó bá dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, àyàfi díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ní ti AMD, ọ̀pọ̀ nínú Ryzen 2000 sókè ló gbà, kì í ṣe gbogbo wọn. Ó tún fẹ́ kí ẹ̀rọ ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń gbé Windows 11 sórí ìran kẹrin tàbí ìkẹfà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èyí ṣe sí ọjà hàn gbangba. Àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kó kọ̀ǹpútà tí kò lè gba Windows 11 dà nù, ọ̀nà òkun ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbà dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹ bá rí ìran kẹfà tàbí ìkeje tí iye rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ẹ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Láti ìran kẹjọ sókè, kì í ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ ló tó owó

Ìran kẹjọ ni ìpìlẹ̀ tí mo máa gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, bó bá fẹ́ kọ̀ǹpútà tó máa bá a lọ sí ọdún mélòó kan. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi Lenovo ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5 àti Dell Latitude 7490 wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Àmọ́ ẹ má fi orúkọ kọ̀ǹpútà nìkan ṣe àmì: àwọn T480 àti 840 G5 kan jáde pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ ìran keje nínú wọn, ẹni tó bá ra irú rẹ̀ á rí ààlà Microsoft yẹn lẹ́yìn tó bá ti délé.

Láti ìran kẹjọ sí i5-10210U ti ìran kẹwàá, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Core mẹ́rin kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe é, ó kàn ń sáré díẹ̀ sí i. Bí òǹtajà bá fẹ́ gba owó gọbọi lórí ọ̀rọ̀ "10th Gen" nìkan, ẹ dúnàádúrà, tàbí kí ẹ mú ìran kẹjọ tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára.

Ìran kọkànlá, tó dé ní ìparí ọdún 2020, ni ìgbésẹ̀ gidi tó tẹ̀lé e. Core kọ̀ọ̀kan nínú i5-1135G7 yára kọjá ti ìran kẹjọ dáadáa, apá tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n pè ní Iris Xe, sì lè gbé géèmù àti àtúnṣe fídíò kéékèèké tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò lè gbé. Ó kù síbì kan: RAM gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, agbára Iris Xe yẹn kò ní jáde.

Ní ọdún 2022, ìran kejìlá yí ètò ṣọ́ọ̀bù padà. Intel kó àwọn core ńlá tí ọwọ́ wọn yá mọ́ àwọn core kéékèèké tí kì í jẹ iná. Ńlá méjì àti kékeré mẹ́jọ ló wà nínú i5-1235U. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń bá ilé iṣẹ́ òkèèrè ṣiṣẹ́ láti ilé á mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà àti ìwé ìṣirò ọjà lòun ń ṣe kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

AMD: Nọ́ńbà 7 tó jẹ́ ti ọdún 2019

Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Ryzen inú laptop ti di ohun tí ènìyàn lè fọkàn tán. Ryzen 5 4500U ní core mẹ́fà nígbà tí i5 ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mẹ́rin, kì í sì jẹ iná jù ú lọ. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òǹrajà ń béèrè Intel nítorí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, nítorí náà Ryzen tó dára lè wà ní igun ṣọ́ọ̀bù ní iye tó rọjú.

Àmọ́ AMD náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ da ojú rú. Ryzen 5 5500U àti Ryzen 5 5600U jọ ìbejì, síbẹ̀ ìran Zen 2 lèyí àkọ́kọ́, Zen 3 tó yára jù ú lọ sì lèkejì. Ti Ryzen 7000 tún le ju ìyẹn. Níbẹ̀, nọ́ńbà kẹta ló ń sọ ìran òótọ́. Ryzen 5 7520U ní 2 ní ipò kẹta: Zen 2 ni, ìmọ̀ tó ti wà láti ọdún 2019, core mẹ́rin péré ló sì ní. 7530U jẹ́ Zen 3, 7540U jẹ́ Zen 4. Ẹni tó bá ra 7520U nítorí pé 7 ju 5 lọ ti ra ohun tó rẹlẹ̀ sí 5600U tó ṣáájú rẹ̀.

Tuntun nínú páálí kì í ṣe ẹ̀rí

Àwọn òbí kan kò fẹ́ tòkunbọ̀ rárá. Wọ́n á ra kọ̀ǹpútà tuntun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí páálí rẹ̀ ń dán. Bí ẹ bá wo inú rẹ̀, Celeron N4020 ni ẹ ó bá níbẹ̀: core méjì, RAM gígábáìtì 4, àti ibi ìpamọ́ eMMC gígábáìtì 64 tí Windows nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìran kẹjọ tó ti lo ọdún mẹ́fà á fi irú èyí ṣeré.

Intel fi orúkọ Celeron àti Pentium tì sẹ́yìn fún laptop ní ọdún 2023. N100 tó rọ́pò wọn sàn gan-an. Core kéékèèké mẹ́rin ló ní, wọ́ọ̀tì 6 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, ó sì dára ju i5 oní-core méjì ọdún 2016 lọ nínú iṣẹ́ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí iná kì í ti í gbé, kò burú, bí RAM rẹ̀ bá ti jẹ́ gígábáìtì 8.

Iná, ooru àti eruku

Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa prósẹ́sọ̀ kì í sábà ronú nípa ibi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́. Níbí, iye wọ́ọ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń jẹ jẹ́ apá kan nínú iye tí a rà á.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Bátìrì tó ṣì dára lè gba nǹkan bíi wọ́ọ̀tì-wákàtí 50. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 10 lápapọ̀ á lo wákàtí márùn-ún lórí rẹ̀. Èyí tó ń jẹ 25 á parí rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Lórí sólà tàbí inverter kékeré, ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá gílóòbù á ṣì tàn ní alẹ́. Lórí jẹnẹrétọ̀, epo ni. Ìdí nìyí tí i7-4800MQ tí a mẹ́nu bà lókè kò fi rọrùn tó bí iye orí rẹ̀ ṣe rí, àyàfi tí ẹ bá ní iná tó dúró.

Fídíò tún wà níbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ tuntun ní apá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú fídíò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Láti ìran keje ni Intel ti fi èyí tó ń tú VP9 tí YouTube ń lò àti HEVC síbẹ̀ dáadáa, láti ìran kọkànlá ló sì ti ń tú AV1. Lórí àwọn àtijọ́, àwọn core fúnra wọn ló ń ṣe é. Bí fáànù kọ̀ǹpútà yín bá ń pariwo bí ẹ ṣe ṣí fídíò kan péré, ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Prósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù máa ń dín iyàra ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Eruku ọyẹ́ máa ń dí ihò fáànù, òróró tí wọ́n fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń tú ooru rẹ̀ jáde sì máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n bá tú, tí wọ́n fọn eruku rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì pààrọ̀ òróró náà, lè padà di èyí tó ń sáré. Owó iṣẹ́ náà kò ju owó díẹ̀ lọ bí a bá fi wé iye ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹni tí àtijọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Kò yẹ kí ẹ jù ú nù. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, kì í ṣe prósẹ́sọ̀ ló ń dá a dúró, háàdì dísìkì alálòyípo ni. Ó máa ń ka nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SSD tó wọnú ihò kan náà lè ka tó 550. Ìran kẹta tàbí ìkẹrin tó bá gba SSD, tí RAM rẹ̀ sì di gígábáìtì 8, á tàn láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì ṣe Word, Excel, ìmeèlì àti íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ. Bí Windows kò bá gbà á mọ́, Linux bíi Ubuntu tàbí Mint ń gbà á, ó ń rí àtúnṣe ààbò gbà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Níbí yìí ni àwọn àtijọ́ fi ju àwọn tuntun lọ. Ẹ lè ṣí ìdí wọn, kí ẹ yọ RAM, kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ laptop fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀. Bí ẹ bá ra gígábáìtì 8, 8 náà ni yóò jẹ́ títí tí yóò fi kú. Ẹni tó bá ń ra ìran kọkànlá sókè gbọ́dọ̀ béèrè èyí ṣáájú ohunkóhun.

Ní ti Apple, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi prósẹ́sọ̀ tirẹ̀, M1, sínú MacBook. MacBook Air oní-M1 kò ní fáànù, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, ó sì ṣì yára. MacBook oní-Intel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, tí iye rẹ̀ kéré díẹ̀, ń lọ sópin: Apple ti kéde pé macOS Tahoe ti ọdún 2025 ni yóò gbẹ̀yìn lórí Intel.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ka sítíkà. Wọ́n ń ta sítíkà lọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè lẹ̀ ẹ́. Ojú ewé tí Windows fi ń sọ irú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè yí orúkọ tó wà níbẹ̀ padà. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n tan án padà, kí wọ́n sì wọ inú BIOS kí Windows tó dìde. Orúkọ prósẹ́sọ̀ tó bá hàn níbẹ̀ ni kí ẹ gbà. Lórí ọ̀pọ̀ HP, F10 ni ẹ ó tẹ̀. Lórí Dell, F2. Lórí ThinkPad, F1.

Bí BIOS bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí òǹtajà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan ní òkèèrè ni, àwọn tó ni ín kò sì tíì tú u sílẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ náà sílẹ̀ délẹ̀délẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó parí rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù yín wá a lórí ìkànnì Intel tàbí AMD. Iye core, ọdún tó jáde àti wọ́ọ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé tó máa mú jáde á sọ iye tí bátìrì náà ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì, ẹ ṣí fídíò YouTube kan, kí ẹ jẹ́ kó ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìlo iná, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Òǹtajà tó bá ń kánjú yín nígbà náà ní ohun tí kò fẹ́ kí ẹ rí.